Nínú mẹ́wàá, mélòó lẹ máa fún mi?

Àbúrò mi kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ kan, aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀, mo ti ń múra àtisùn. Ó dúró síwájú dígí gígùn kan, ó gbé fóònù síwájú àyà, ẹ̀wù dúdú ló wọ̀, ó ti gé irùngbọ̀n ẹ̀, ó gún régé, ó wá gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀ báyìí bí ẹni tí wọ́n pè látòkè. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má pọ́n mi lé o, nínú mẹ́wàá, mélòó lẹ máa fún mi?" Ẹ̀rín pa mí, mo fẹ́ fún un ní mẹ́sàn-án kí n lọ sùn jẹ́jẹ́ mi. Àmọ́ kí n tó tẹ nǹkan kan, òmíì ti wọlé: "Torí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ni. Ó ń bi mí pé kí la jẹ́ sí ara wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní pẹ̀lú bí mo ṣe rí yìí, kí ni mo fẹ́ fi ara mi dè sójú kan fún, wọ́n ní ká kàn máa ṣe é ní káṣúà, láìsí àdéhùn kankan."

Pẹ̀lú bí mo ṣe rí yìí. Gbólóhùn kékeré yẹn ló lé oorun lójú mi.

Mi ò dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ gbólóhùn yẹn dáadáa, mo ti sọ ọ́ rí, kì í ṣe lẹ́nu, nínú ọkàn ni, ó ba nǹkan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, èyí tó bà jẹ́ fún ẹlòmíì sì ju tèmi lọ. Ohun tí mo ń kọ síbí yìí ni ohun tí mo rò láàárín ọjọ́ mélòó kan tí mo fi ń wo fọ́tò ọmọ yẹn, tí mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 16, ẹnì kan sọ níwájú èèyàn bíi mẹ́wàá pé ojú mi dà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọ̀rọ̀ yẹn lò lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, àmọ́ ọdún 15 ló fi bá mi gbélé. Mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò mi láti ẹ̀gbẹ́. Tí mo bá wọ yàrá tí obìnrin pọ̀ sí, ibi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀ ni mo máa ń wá. Ní gbogbo àsìkò yẹn, orúkọ rere ni mo ní o. Èmi ni wọ́n máa ń tọ́ka sí pé ọmọ dáadáa nìyí, kì í lé obìnrin kiri, kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á máa ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, èmi á jókòó, màá máa gbà wọ́n níyànjú, màá máa sọ pé ìfẹ́ òtítọ́ nìkan lèmi ń wá, pé eré lásán ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Mo gba ara mi gbọ́. Kò sí irọ́ kankan lọ́kàn mi nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Wọ́n máa ń ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Wọn ò sọ pé ọmọdé ò fẹ́ ohun tó wà lórí pẹpẹ.

Ìgbà tí mo pé ọdún 31 ni pẹpẹ yẹn sọ̀ kalẹ̀. Kò sí nǹkan bàbàrà kan tó ṣẹlẹ̀. Dókítà ní kí n dín ọ̀rá ara kù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárọ̀, mo pààrọ̀ awò ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé irun lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n gé. Lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, mo dúró, mò ń bu omi, arábìnrin kan tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dúró, ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ rẹwà lọ́kùnrin ni?" Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti ń ṣú, ó bá tiẹ̀ lọ. Omi kún ife mi, ó ń dà sílẹ̀, mi ò mọ̀. Mo lọ sí ilé ìtọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo wo ara mi nínú dígí fún àkókò tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo yí ojú sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mò ń wá ohun tí ó rí. Nígbà tó yá, mo rí i. Tàbí kí n sọ pé mo gbà pé mo rí i, torí ojú tí mo gbé wọlé náà ni mo gbé jáde, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò lè tún ìmú ẹnikẹ́ni mọ.

Mo ní ẹnì kan nígbà yẹn. Oṣù mẹ́jọ la ti jọ wà, òun ló sì yàn mí, nígbà tí mo ṣì ń fara pamọ́ fún kámẹ́rà. Kò tíì tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìdí omi yẹn tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí ló ń kánjú fún, ẹ jẹ́ ká má tíì fún nǹkan lórúkọ, ẹ jẹ́ ká kàn máa gbádùn ara wa. Mo di ẹni tó ń fi fóònù dojú bolẹ̀. Mo di ẹni tó ń wo yàrá yíká láti mọ ẹni tó ń wo òun. Lọ́jọ́ ìrọ̀lẹ́ kan ó ń ká aṣọ tí a fọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì mi kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ká apá ọ̀tún, ó ká apá òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó dán, ó gbé e lé orí ìyókù, ìgbà yẹn ló tó bi mí pé, "Kí ló yí padà? Èmi ni, àbí ìwọ?" Mo ní kò sí nǹkan tó yí padà. Ó ní, "Ojú tó o fi ń wo ara ẹ ló yí padà. Mo ti ń rí i nínú gbogbo dígí tá a bá kọjá."

Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù títí dòní, pé kò bínú. Ó parí aṣọ yẹn, tèmi tòun, ó to tèmi síbi tó máa ń tò ó sí. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ẹ̀ tó fi lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn burúkú ni mí látilẹ̀ tí n ò mọ̀, àbí nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó ju èmi nìkan lọ. Mo rí i pé àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò tipẹ́. Lọ́dún 1991, Jeffry Simpson àti Steven Gangestad, àwọn ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwé ìbéèrè kan láti fi mọ bí èèyàn ṣe lè ní ìbálòpọ̀ láìsí ìfẹ́ tàbí àdéhùn kankan nídìí ẹ̀, ẹni tí ara ẹ̀ gbà á àti ẹni tí ara ẹ̀ ò gbà á. Lọ́dún 2008, Lars Penke àti Jens Asendorpf ní Jámánì tún un ṣe, wọ́n ṣe é ní ìbéèrè 9, wọ́n wá pín in sí mẹ́ta: ohun tí èèyàn ti ṣe, ohun tó rò nípa ẹ̀, àti ohun tí ọkàn ẹ̀ ń fẹ́. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo rí ìpín mẹ́ta yẹn, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan tan iná síbi tí mo sùn sí. Tí wọ́n bá fún mi ní ìwé yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 25, ti ohun tí mo ti ṣe á jẹ́ òdo, ti ohun tí mo rò á jẹ́ ti ẹni mímọ́, ti ohun tí ọkàn mi ń fẹ́... kí n má parọ́, kò yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀rẹ́ mi tí mò ń gbà níyànjú. Gbogbo ìwà rere mi, ìpín àkọ́kọ́ nìkan ló wà, ìbẹ̀rù pé wọ́n á kọ̀ mí ló sì ń ṣọ́ ọ.

Àwọn onímọ̀ kan tún bi ara wọn pé, ta ni nínú àwọn ọkùnrin ló máa ń fẹ́ káṣúà yìí jù? Àwọn mẹ́ta kan ní Kánádà, Monica Landolt, Martin Lalumière àti Vernon Quinsey, gbé iṣẹ́ jáde lọ́dún 1995, wọn ò wo ojú àwọn ọkùnrin náà o, ohun tí wọ́n bi wọ́n ni bí wọ́n ṣe rò pé àwọn ń rí ojúure obìnrin tó. Àwọn tó gbà pé obìnrin ń fẹ́ àwọn, àwọn náà ni ọkàn wọn ń fà jù sí ìbáṣepọ̀ ọlọ́jọ́ kúkúrú. Fún àwọn obìnrin, okùn yẹn ò so bẹ́ẹ̀, obìnrin lè gbà pé òun wu gbogbo ayé, kó má sì tìtorí ẹ̀ fẹ́ eré láìsí àdéhùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ máa sọ pé ṣebí ẹni tó ti ń rí obìnrin púpọ̀ náà ló máa gbà pé òun wuni, kí ló wá jẹ́ ìyàlẹ́nu níbẹ̀, èwo ló bí èwo? Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà fi gbá mi mú ju gbogbo ìyókù lọ, ti Michele Surbey àti ẹnìkejì ẹ̀ tó ń jẹ́ Brice, ọdún 2007. Àwọn yẹn ò dúró de kí ayé fún ọkùnrin ní ojúure, àwọn fúnra wọn ló gbé e ga, wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn rí ìdáhùn tó fi hàn pé wọ́n wuni ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ìdáhùn tí kì í ṣe òótọ́, tí wọ́n kàn ṣètò ẹ̀ fún ìdánwò. Ojú ẹni kankan ò yí padà. Kò sẹ́ni tó sáré láàárọ̀, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ awò ojú. Àmọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin náà lérò nípa ara wọn lọ sókè, bó sì ṣe lọ sókè ni ohun tí wọ́n ń fẹ́ ṣí lọ sápá káṣúà. Àwọn obìnrin náà gbọ́ ìyìn tiwọn, inú wọn dùn sí ara wọn, wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà.

Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí ife omi mi níbẹ̀. Torí mo ti ń sọ fún ara mi pé ńṣe ni mo dàgbà, pé mo wá mọ irú ẹni tí mo jẹ́, pé èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń dè mọ́lẹ̀. Irọ́ ni. Ẹnì kan tí ò lérò ìkankan sọ gbólóhùn kan, iye tí mo fi lé ara mi lórí gbówó sí i, mo wá ń wo ẹni tó ti ń fẹ́ mi látẹ̀yìnwá bí ẹni tó ra ọjà ní ọ̀pọ̀. Ó ń dùn mí láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ohun tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé ìwọ̀n tí ọkùnrin fi ń wọn ara ẹ̀ kì í péye. Ẹ lè dán èyí wò fúnra yín: ojú tí ẹ mọ̀ mọ́ ara yín kì í ṣe ojú tí àwa ìyókù mọ̀ mọ́ yín. Inú dígí lẹ ti ń rí tiyín, dígí sì máa ń yí ọ̀tún sí òsì. Lọ́dún 1977, Theodore Mita, Marshall Dermer àti Jeffrey Knight ya fọ́tò àwọn èèyàn kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí gan-an, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ bí dígí ṣe ń yí i, wọ́n ní èwo lẹ fẹ́. Àwọn tó ni ojú fẹ́ ti dígí, àwọn ọ̀rẹ́ wọn fẹ́ èyí tó rí bó ṣe rí. Ojú kan náà, àpá kan náà létí ètè, èyí tí ó ti mọ́ oníkálukú lára ló wù ú. Ó jẹ́ kí n wá mọ ìdí tí gbogbo fọ́tò mi fi máa ń dà bíi pé ẹnì kan ti ẹnu mi wọ́ sápá kan, ẹnu mi ò wọ́, ibi tí mo ti ń wò ó látìgbà èwe ló yàtọ̀.

Nicholas Epley àti Erin Whitchurch tún ṣe tiwọn lọ́dún 2008, wọ́n mú fọ́tò ojú èèyàn, wọ́n fi kọ̀ǹpútà pò ó mọ́ ojú tó rẹwà, díẹ̀díẹ̀, wọ́n tún pò ó mọ́ ojú tí ò rẹwà, wọ́n wá kó gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ pé èwo ni ìwọ gan-an nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Èyí tí wọ́n ti fi ẹwà kún ni àwọn èèyàn sábà máa ń mú, wọ́n á ní èmi nìyí. Kì í ṣe pé wọ́n ń yangàn, wọ́n gbà á lóòótọ́. Nítorí náà ẹni tó ń bẹ̀rù dígí bíi tèmi wà, ẹni tí dígí ń pọ́n lé sì pọ̀, àwa méjèèjì la sì ń fi ìwọ̀n tó ti ṣẹ́ lápá kan pinnu bí a ṣe máa ṣe ọmọ ọlọ́mọ.

Èyí tó yẹ kí gbogbo ọkùnrin kà, lójú tèmi, ni ti Carin Perilloux, Judith Easton àti David Buss, tó jáde lọ́dún 2012. Wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin 96 àti obìnrin 103 jọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan bá èèyàn márùn-ún sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí ẹnì kan. Oníkálukú fún ara ẹ̀ ní máàkì ẹwà, ó fún ẹni tó bá sọ̀rọ̀ náà ní máàkì, ó wá sọ bóun ṣe fẹ́ ẹni yẹn tó àti bóun ṣe rò pé ẹni yẹn fẹ́ òun tó. Àwọn ọkùnrin tó fún ara wọn ní máàkì ńlá, àti àwọn tí wọ́n ń wá káṣúà, àwọn ló ń rí ìfẹ́ lójú obìnrin níbi tí kò sí. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ torí pé ọmọlúàbí ni, ó mi orí torí pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ọkùnrin yìí ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kàn pé ó ti wọlé. Ẹ wá gbọ́ èyí: àwọn ọkùnrin tí àwọn obìnrin fúnra wọn fún ní máàkì ẹwà tó ga, àwọn yẹn kì í ṣi ojú obìnrin kà bẹ́ẹ̀. Ojú olójú ò jọ ojú ẹni, wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Kí n ṣòótọ́ nípa apá kejì náà o, kí ẹ má ro pé mò ń sọ pé ẹwà gidi ò já mọ́ nǹkan kan. Gillian Rhodes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Ọsirélíà, lọ́dún 2005, rí i pé àwọn ọkùnrin tí àwọn ẹlòmíì sọ pé wọ́n rẹwà ní iye ẹni tí wọ́n bá ní ìbáṣepọ̀ kúkúrú tó pọ̀ ju tàwọn ìyókù. Ẹni tí ilẹ̀kùn ń ṣí fún máa wọlé púpọ̀, kò sí àwàdà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí ọkùnrin rò pé òun jẹ́ àti ohun tí àwọn tó ń wò ó rí kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu, Alan Feingold kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 1992, ó rí i pé àwọn méjèèjì kàn fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn lásán ni. Nítorí náà láàárín ojú ọkùnrin àti ìwà ẹ̀, ẹnì kan wà tó ń túmọ̀, ìyẹn ohun tí ọkùnrin náà rò nípa ara ẹ̀, ògbufọ̀ yẹn ni mo bá ṣìṣẹ́ ní gbogbo ọdún yẹn tí mi ò mọ̀ pé ó wà.

Ìwádìí kan tún wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi ṣe ẹ̀rín, ti Russell Clark àti Elaine Hatfield, tí wọ́n ṣe ní Florida State University lọ́dún 1978 àti 1982, tó wá jáde ní 1989. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́ rí á kàn wá bá ọ pé o wù mí, ṣé wàá bá mi sùn lálẹ́ òní. Nínú ọkùnrin mẹ́rin, bíi mẹ́ta gbà. Obìnrin, kò sí ìkankan. Wọ́n máa ń fi èyí sọ pé bí ọkùnrin ṣe rí nìyẹn, ó tán. Terri Conley padà yẹ̀ ẹ́ wò ní 2011, ó ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi àwọn obìnrin léèrè irú ẹni tí wọ́n rò pé ẹni tó ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa jẹ́, ewu àti àìdáa wà nínú ìdáhùn wọn. Tèmi tí mo fi ń kún un ni pé, ẹ wo ìbéèrè yẹn dáadáa. Obìnrin tí ò mọ̀ ẹ́ rí rìn wá bá ọ ní ọ̀sán gangan, ó ní o wu òun. Kí ọkùnrin yẹn tó dáhùn rárá, ìbéèrè náà ti bù kún iye tó fi lé ara ẹ̀ lórí. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdí omi tiẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ pé àwọn ò fẹ́ àdéhùn, wọ́n sọ ọ́ kedere lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnìkejì náà gbà, àgbà méjì ni wọ́n, mi ò ní ọ̀rọ̀ bá wọn sọ. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ọkùnrin tó jẹ́ pé ìdáhùn ló ń wá kiri, tó wá ń fi ara obìnrin ṣe ìwé ìdáhùn. Mark Leary lọ́dún 1995 ṣàlàyé pé bí a ṣe ń ka ara wa sí dà bí gééjì epo inú mọ́tò, ó kàn ń sọ bóyá àwọn èèyàn gbà wá tàbí wọ́n ti ń lé wa. Mo gbà á. Àmọ́ gééjì tèmi ò kì í pẹ́ kó tó padà sílẹ̀, ìyìn ọjọ́ Mọ́ńdè ti tán kó tó di Wẹ́sìdeè, mo sì máa wá òmíì. Ó tún wá yà mí lẹ́nu pé kì í ṣe ẹwà ọkùnrin míì nìkan ló ń já a walẹ̀. Sara Gutierres, Douglas Kenrick àti Jenifer Partch rí i lọ́dún 1999 pé tí obìnrin bá wo àwọn obìnrin tó rẹwà gan-an, ó máa ń dín ara ẹ̀ kù, àmọ́ ti ọkùnrin, ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá, tó ń pàṣẹ, tó ń darí, ló máa ń jẹ́ kó dín tiẹ̀ kù tó bá rí i. Ẹ wá ro ohun tí ọmọkùnrin kan ń wò lórí fóònù ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn ọ̀gá kún inú ẹ̀ bámúbámú. Wọ́n á já a walẹ̀ láàárọ̀, lálẹ́ á gbé fọ́tò jáde kí wọ́n lè gbé e padà sókè, tí gbígbé yẹn bá wá wọ̀ ọ́ lára tán, ọmọbìnrin tó ń bi í pé kí la jẹ́ sí ara wa ló máa san án.

Mo ti rí i lára ọkùnrin méjì mẹ́ta tí mo sún mọ́. Ọ̀kan nínú wọn rẹwà lóòótọ́, ẹni tó bá wọlé tí gbogbo ọ̀rọ̀ á dákẹ́ díẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ fẹ́yàwó láàárín wa, ó ní ó ti rẹ òun láti máa gbọ́ ọ. Ọ̀kan ò rẹwà lójú ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀, àmọ́ màmá ẹ̀ sọ fún un látìgbà tó wà ní kékeré pé kò sírú ẹ̀, ó gbà á, ó ń rìn bẹ́ẹ̀, ó sì ń yí obìnrin bí aṣọ. Mi ò lè fi ojú wọn ṣàlàyé ìwà wọn láéláé. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ pé àwọn tó ka ara wọn sí aláìlẹ́wà náà ò dúró sójú kan, òmíì á fara balẹ̀ bíi tèmi, inú á máa bí òmíì sí gbogbo obìnrin pé wọn ò rí òun, ìbínú yẹn á wá di gbogbo ohun tí obìnrin kankan lè rí lára ẹ̀.

Ẹni tó ká ṣẹ́ẹ̀tì mi yẹn, a tún pàdé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Mo tọrọ àforíjì, mo sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́, títí kan ọ̀rọ̀ ìdí omi. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní òun mọ̀ pé ẹnì kan ti sọ nǹkan kan fún mi nígbà yẹn, òun ò kàn mọ ẹni tó sọ ọ́. Ó wá ní, "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń sọ nǹkan kan náà fún ẹ. Kò wọ̀ ẹ́ létí, torí pé èmi ni mò ń sọ ọ́." Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ṣì ń wá a.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sídìí fóònù. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn, àbúrò mi ti fi àmì ìbéèrè mẹ́ta ránṣẹ́. Mo tún ṣí fọ́tò yẹn, mo fà á tóbi. Ó ń wo ara ẹ̀ nínú dígí, kò wo kámẹ́rà. Lẹ́yìn ẹ̀, níbi tí iná ò dé dáadáa, mo wá rí nǹkan tí mi ò rí tẹ́lẹ̀, apá ẹnì kan lórí àga, ẹ̀gbà ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́rùn ọwọ́ náà, ẹni yẹn ń dúró dè é.

Mo kọ ọ́ sí i pé, "Mi ò ní fún ẹ ní máàkì. Àpọ́nlé lo fẹ́, àpọ́nlé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí rí, màá sọ ìtàn ẹ̀ fún ẹ tá a bá ríra. Àmọ́ ta ló jókòó lẹ́yìn ẹ yẹn? Ṣé òun ló ń bi ẹ́ ní ìbéèrè? Kí ni òun máa ń sọ nípa ojú ẹ, nígbà tí fóònù ò sí lọ́wọ́ ẹ?"

Ó kà á lójú ẹsẹ̀. Mo rí i pé ó ń tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Mo gbé fóònù lé orí tábìlì, mo jẹ́ kó kọjú sókè, mo fà àga mọ́ra, mo jókòó dè é.